Káàdì Àwọn Ọmọ Etí Òkun

Kinuyo Tadokoro kì í ṣe ayàwòrán, kì í sì í ṣe olóòtú. Káàdì ló ń kà. Ìwé ìtàn aláwòrán tí à ń ṣe fún àwọn ọmọbìnrin ní ọ́fíìsì wa ní Kanda máa ń jáde lóṣooṣù, àwọn òǹkàwé a sì fi káàdì inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti sọ ìtàn tó wù wọ́n jù. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù, a ó ka káàdì tó bá ti wọlé. Ìtàn tó bá ń gbẹ́yìn léraléra, wọ́n á gé e kúrò.

Lọ́dún tí bébà wọ́n, Ọ̀gá Ubukata, olóòtú àgbà, ní ìtàn tí Arábìnrin Isaka ń yà ni wọ́n máa gé, ìyẹn ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń mòòkùn wá ìgbín òkun. Kinuyo sọ fún un pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ìwé wa lọ sáwọn erékùṣù, ìdí nìyẹn tí káàdì ibẹ̀ fi ń pẹ́ kọjá ọjọ́ kẹwàá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti di olóòtú nìyẹn? Lọ ka káàdì ẹ, jàre."

Ó ní kí wọ́n fún ìtàn náà lóṣù mẹ́ta péré sí i. Láti ìgbà náà, tí a bá ń jẹun ọ̀sán, Kinuyo á fi ọwọ́ kan mú ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé, á máa fi ìkejì ṣa káàdì tó pẹ́ dé, èyí tí à ń dà nù tẹ́lẹ̀. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ ní Ìyàwó Káàdì.

Ó ní, "Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Màá kà á tán."

Oṣù mẹ́ta pé. Lọ́jọ́ ìpàdé, tíì nìkan ni obìnrin ń gbé wọlé. Kinuyo pín tíì tán, ó wá gbé àpò káàdì lé orí tábìlì.

"Ọ̀gá, ìtàn yìí ló ṣe ipò kìíní ní gbogbo erékùṣù àti ìlú etí òkun. Àwọn ọmọ yẹn ò pẹ́. Àwa la ò dúró dè wọ́n."

Ọ̀gá mú káàdì kan, ó kà á, ó mú òmíràn. Ó wá ní kí ìtàn náà ṣì máa jáde, ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́rìndínlógún á di mẹ́jọ.

Arábìnrin Isaka bínú, ó ní òun ò yà á mọ́. Kinuyo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a nílé.

"Àǹtí, mẹ́jọ kì í ṣe òfo. Ẹ fi mẹ́jọ náà parí ẹ̀ fún wọn."

Ọdún mẹ́rin ni ìtàn náà tún fi jáde, ó sì parí bí ẹni tó ń yà á ṣe fẹ́. Ogúnjọ́ oṣù, kì í ṣe ọjọ́ kẹwàá mọ́, ni a wá ń ka káàdì, kí ti etí òkun lè bá a.