Òbúkọ Tí Mo Fi Ọwọ́ Òsì Yà

Ọjọ́rú ni ọ̀kadà dà wá nù lójú ọ̀nà Tẹ̀dé. Télọ̀ kan níbẹ̀ ló ní kí n wá kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù òun, mo sì gbé àpò ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì mi lé itan. Ewúrẹ́ kan já sí títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Ẹni tó gbé mi fẹ́ yà fún un, yanrìn etí títì sì gbá táyà lọ. Kò sóhun tó ṣe ọlọ́kadà ju pé orúnkún rẹ̀ bó. Èmi ni mo fi ọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀ kí orí mi má baà lu ilẹ̀, mo sì gbọ́ bí ọrùn ọwọ́ náà ṣe dún. Ewúrẹ́ náà dúró ní òdìkejì, ó ń wò wá, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Kì í ṣe ìrora ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo sọ nígbà tí wọ́n ń gbé mi dìde ni pé, "Ọjọ́ Jímọ̀ ti dé tán."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mo kọ́ ní Ṣakí níbí, nígbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣì ń fi ọ̀dà kọ orúkọ. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá gbòde, ẹni tó ń wá mi kò pọ̀ mọ́. Ọwọ́ mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹlẹ́rìn-ín sórí fóònù mi, mo sì ń gbé e sórí ayélujára ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun ọ̀sán tán. Àgbẹ̀ oníṣu kan wà níbẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ tí kì í gbà fún un, àti òbúkọ wọn. Òbúkọ yìí ni ọ̀gá. Ó gbà pé òun ló ni ilé náà, òun kàn jẹ́ kí tọkọtìyàwó náà máa bá òun gbé ni.

Mo rò pé àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan ni yóò máa kà á. Kí n tó mọ̀, àwọn ará Ìsẹ́yìn ń kà á, àwọn ọmọ Òkè-Ògùn tó wà lókè òkun ń kà á, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo ya àgbẹ̀ náà níbi tó ti ń kọ ebè. Ẹnì kan ní ebè náà ti kéré jù. Ẹlòmíì ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ tàwọn nìyẹn. Ẹnì kan tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí ní kí àwọn méjèèjì dákẹ́, wọn kò mọ̀ nípa oko. Obìnrin kan tilẹ̀ bi mí léèrè ìpara tí ìyàwó àgbẹ̀ náà ń lò. Bẹ́ẹ̀, àwòrán lásán ni obìnrin yẹn.

Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn sọ mí lórúkọ. Mo bímọ o, ṣùgbọ́n "Ìyá Òbúkọ" ni wọ́n ń pè mí lọ́jà. Ọmọ mi obìnrin kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní òun kò lè bá òbúkọ du ìyá.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò eegun náà, wọ́n ní ó ti sán. Wọ́n fi báńdéèjì funfun tó ń le bí sìmẹ́ǹtì dì í láti ìgúnpá títí dé ìdí ìka. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi ṣe ohunkóhun títí àwọn yóò fi tú u.

Bí mo ṣe délé, ọkọ mi mú fóònù mi, ó ní, "Jẹ́ n bá ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara rẹ kò yá. Wọ́n á ṣàdúrà fún ẹ."

Mo ní, "Àdúrà dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń bá wá sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sọ fún wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni."

"Ọwọ́ wo lo máa fi yà á?"

Mo na ọwọ́ òsì sókè.

Ìyá mi ti wá láti wá tọ́jú mi. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbé àtẹ ẹ̀wà náà sílẹ̀.

"Ọwọ́ òsì? Ìwọ ọmọ yìí, a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá fẹ́ fi bu oúnjẹ fún àlejò? Àgbàlagbà wà nínú àwọn tó ń wo nǹkan rẹ yìí o."

"Màámi, wọn ò ní rí ọwọ́ mi. Àwòrán ni wọ́n máa rí."

"Ọlọ́run ń rí i."

Mo rántí òwe kan, mo sọ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ìyá mi ní ọwọ́ fífọ̀ ni òwe yẹn ń sọ, kò dárúkọ àwòrán. Ó gbé àtẹ rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀wà.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo kírun ìdájí, mo gbé fóònù lé orí ìrọ̀rí, mo jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Ìka òsì mi kò mọ nǹkan kan. Mo ní kó fa ìlà, ó fa ejò. Mo ní kó ya ojú, ojú náà lọ bá etí níbi tó wà. Ọwọ́ tí mo ti fi gbé omi, tí mo ti fi gbé ọmọ, wá ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo yà á, mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Nígbà tí oòrùn mú, ọkọ mi gbé oúnjẹ wá, ó yọjú wo iṣẹ́ náà, ó sì rọra jáde láìsọ ohunkóhun. Ì bá sàn kó sọ̀rọ̀.

Títí di ìrọ̀lẹ́, èjìká òsì mi ti ń ro mí, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ti ń jọ àgbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ti ń jọ ẹni tó ń bínú, ìyẹn sì tó fún un. Òbúkọ nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ìwo rẹ̀ wó lulẹ̀ bí etí, irùngbọ̀n rẹ̀ rí bí ahọ́n tó yọ síta. Mo tún un ṣe títí, ó kọ̀. Mo ní kó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e síta lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo ni wọ́n ra ajá?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ajá ni. Àwọn kan ní òbúkọ ni, àìsàn ló ń ṣe é. Ẹnì kan ń bá gbogbo wọn jiyàn pé àgùntàn ni. Obìnrin kan fi dá mi lójú pé ọmọ mi ti gba fóònù mi, kí n lọ gbà á padà. Èyí tó wá wọ̀ mí lára jù ni ti ọkùnrin kan tó ń ta ẹran ní Ilua, tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ mi. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹran ni mo ń tà, mo mọ ẹran. Èyí kì í ṣe ẹran. Tó bá jẹ́ pé ọmọṣẹ́ lẹ gbé e fún, ẹ sọ fún un kó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́."

Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo jókòó sórí àpáta tí a máa ń sá èlùbọ́ sí, mo sunkún. Ó dùn mí nítorí pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Ọkọ mi wá bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n ya fọ́tò ọwọ́ rẹ, ká gbé e sí i. Ojú á tì wọ́n."

"Mi ò fẹ́ kójú tì wọ́n," ni mo wí. Ẹni tójú ń tì kì í rẹ́rìn-ín dáadáa. Bí mo bá fi báńdéèjì hàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí, wọ́n á máa fi àánú wo òbúkọ mi, bẹ́ẹ̀ òbúkọ yẹn kì í ṣe ẹni à ń ṣàánú. Mo nu ojú mi. Mo sọ fún ara mi pé tí wọ́n bá ti ní ajá ni, àfi kí òbúkọ náà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.

Nínú ti ọ̀sẹ̀ kejì, òbúkọ gba ọjà kọjá, ó gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ wo ajá dáadáa." Ó yíjú padà, ó ké mẹ̀ẹ́ẹ̀ sí wọn. Wọ́n ní, "Háà, ajá yìí gbọ́n o, ó tún ń sín ewúrẹ́ jẹ!" Ó fi ìbínú sáré délé, ó lọ fẹjọ́ sun ìyàwó àgbẹ̀. Obìnrin náà wò ó láti orí dé ìrù, ó ní, "Bó bá jẹ́ ajá ni ẹ́ lóòótọ́, ó yá, lọ ṣọ́ iṣu lóko. O ti jẹ ọ̀fẹ́ pẹ́ nínú ilé yìí."

Fóònù mi kò sinmi lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan tó wà lókè òkun kọ ọ́ pé òun rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí ẹni tó jókòó ti òun fi dìde lọ síjòkòó mìíràn. Àwọn tó ń jà lọ́sẹ̀ tó kọjá parí ìjà, wọ́n ń bá òbúkọ kẹ́dùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìdúró di Ọjọ́bọ̀. Nínú rẹ̀, ọdẹ kan mú òbúkọ lọ sígbó kó lọ lé ọ̀yà fún òun. Òbúkọ rí ọ̀yà, àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi ẹmì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ aráyé láìdáa. Bí mo ṣe ń yà á lọ ni ìka òsì mi ń kọ́ṣẹ́. Ejò inú ìlà mi ń dín kù. Òbúkọ nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo wà ní yàrá nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣe sálámà, ìyá mi dá a lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ṣé ilé Ìyá Òbúkọ nìyí?"

"Ibí ni. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Láti Ilua ni mo ti ń bọ̀. Mo kó ẹran wá sọ́jà, wọ́n júwe ilé yín fún mi níbẹ̀, mo ní n kò ní kọjá láìfojú kan ọmọṣẹ́ tó ń ya ẹran yẹn."

Mo rò ó pé kí n dákẹ́ sínú yàrá kí ìyá mi ní mi ò sí nílé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń lọ. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó fi okùn ẹran kọ́ èjìká. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí báńdéèjì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe ọwọ́?"

"Ọ̀kadà ni, bàbá. Ewúrẹ́ ló já lu ọ̀nà."

"Ewúrẹ́?" Ó ṣe bí ẹni pé òun ló tà á. "Ó ti pẹ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tí òbúkọ wa di ajá ni."

Mo rí i tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọṣẹ́ ńkọ́?"

Mo na ọwọ́ òsì sí i. "Òun rèé, bàbá."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé a ní kó jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀. "Mo sì ní kó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́."

"Ó ti padà. Ó ń kọ́ ọ lójoojúmọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó wálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹnu mi kì í dákẹ́ tó bá ti kan ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ìyàwó mi kì í dá sí nǹkan yín yìí tẹ́lẹ̀. Àtìgbà tí òbúkọ yín ti di ajá, òun ló ń gba fóònù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Àbíkẹ́yìn wa ti lọ sí Abẹ́òkúta, ilé wa wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ju 'oúnjẹ ti délẹ̀' lọ. Ní báyìí, a ń jiyàn lórí ajá yín títí oúnjẹ á fi tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tètè padà di òbúkọ."

Ìyá mi ló gbé omi fún un, òun náà ló bi í pé, "Kò wá dà bí àrífín lójú yín, pé ọwọ́ òsì ló fi ń yà á fún yín?"

"Màmá, ọwọ́ òsì yìí ni mo fi ń di okùn ẹran mú látàárọ̀. Bí mo bá ní kó jókòó nítorí pé òsì ni, ẹran á sá lọ."

Ìyá mi kò tíì gbà títí dòní. Tó bá bá mi nídìí rẹ̀, á ní, "Ìwọ àti Ọlọ́run rẹ," á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọgbọ́n bi ọkọ mi léèrè ibi tí òbúkọ lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì náà, ọwọ́ ọ̀tún mi ti tín-ín-rín, ó le gan-gan. Wọ́n ní kí n máa fún bọ́ọ̀lù kékeré mọ́wọ́. Mo ń fún un, mo ń po ìyẹ̀fun, mo ń fọ aṣọ díẹ̀díẹ̀. Bí ìka ṣe rọ̀ díẹ̀, mo fi ya òbúkọ gidi, tó ní ìwo gidi àti irùngbọ̀n gidi, mo gbé e síta pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi nílùú. "Ta ni ẹran yìí? Ẹ dá tiwa padà!" Ará Ilua kọ tiẹ̀ pé ẹran dáadáa ni, òun lè rà á, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ya èèyàn báyìí, òsì ló ń ya òbúkọ. Ó ń fa iṣẹ́ náà gùn, torí mo gbọ́dọ̀ máa yí ìrọ̀rí padà, kí n sì tún jókòó dáadáa. Tí ọyẹ́ bá dé, ọrùn ọwọ́ mi máa ń ro mí, ìlà tó yẹ kó tọ́ á máa gbọ̀n. Mo máa ń mú kànrìnkàn tí mo rì bọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, mo máa dúró kó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa tẹ̀ síwájú. Kò tíì sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí àwọn tó ń dúró dè mí dúró lásán.