Ìbọ̀wọ́ Leocadia

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí don Gumercindo Tintaya jẹ́, ẹ wá wò ó láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ yọ pulọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ìgéṣọ kúrò lára iná. Á fi àtàǹpàkò tọ wáyà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á máa wò ó bóyá ó ti bó níbì kan. Á ṣí ààbò abẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo òwú tó há sínú rẹ̀ dànù, á fi òkúta pọ́n abẹ róbótó náà, á kán òróró sí i lẹ́ẹ̀mejì péré, kò ní di mẹ́ta, á sì dá ààbò padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ju áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lọ, àmọ́ tí abẹ yẹn bá ti ń yí, ogún ìpele aṣọ ló ń là kọjá bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Gbogbo ìgbà tó bá ń ṣe èyí, èmi á ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, torí n kò lè rán ohun tí kò tíì gé. Mo máa ń bú u nínú ikùn mi. Ó mọ̀ pé mò ń bú òun, kò sì yá ọwọ́ sí i rárá.

Ilé iṣẹ́ doña Zenobia la wà, ní El Alto, lókè níbi tí òtútù ti ń wọ inú egungun. Aṣọ eré ìdárayá àwọn ọmọ ilé ìwé là ń ṣe. Mẹ́rin péré ni wá: doña Zenobia tó ni ibẹ̀, don Gumercindo tó ń gé aṣọ, èmi tí mò ń rán an, àti Leocadia ìyàwó Gumercindo, tó ń já òwú tó bá yọ lára aṣọ kúrò tó sì ń ká wọn. Èmi ni mo gbé ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ìyẹn ni èmi àti Leocadia fi ń pe ara wa ní comadre, tí mo sì fi lẹ́nu láti sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn.

Ohun tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní mọ̀ ni pé Leocadia ló kọ́ ọkọ rẹ̀ níṣẹ́. Nígbà tí Gumercindo ti abúlé dé, ọ̀dùnkún nìkan ló mọ̀ ọ́n gbìn. Leocadia ló ń gé aṣọ nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó tó o ní gbogbo àdúgbò wa. Gumercindo wọlé lọ́jọ́ kìíní, ó fa ara mọ́ tábìlì ìgéṣọ tòun ti apá ẹ̀wù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Leocadia pa ẹ̀rọ, ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ọ̀gbẹ́ni, ká apá ẹ̀wù yẹn sókè, àbí o fẹ́ kí n gé ẹ mọ́ ṣòkòtò àwọn ọmọ ilé ìwé ni?"

Gumercindo sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ti mọ̀ pé obìnrin yìí lòun máa fẹ́. Mo jowú díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, torí ọkọ tèmi ò rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni nǹkan bàjẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àjọ̀dún kánífà ń parí, gbogbo ohun tó ń bọ́ wa la máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ì báà ṣe ilé, ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ. À ń fọ́n òdòdó àti bébà wẹ́wẹ́ lé wọn lórí, à ń so bébà gígùn aláràbarà mọ́ wọn lọ́rùn, a sì ń ta ọtí sílẹ̀ fún Pachamama, ìyá wa ilẹ̀, kí àwa náà tó mu tiwa. Ohun tí a bá so lọ́jọ́ yẹn, a kì í fọwọ́ tú u. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò já tó bá yá. Gumercindo ló so bébà pupa mọ́ ẹ̀rọ ìgéṣọ lọ́dún náà, ó sì so ó sítòsí abẹ, kí ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ lè dùn ún wò ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́bọ̀, bébà ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wa tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Leocadia gé ìdì kìíní, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó gé èkejì, abẹ fa bébà wọlé, ó sì há. Leocadia jọ̀wọ́ bọ́tìnì, ó rò pé ẹ̀rọ ti kú. Kò kú. Àwọn bébà wẹ́wẹ́ tí a fọ́n ti kó sí ìdí bọ́tìnì, wọn kò jẹ́ kó padà sókè. Obìnrin tó ń kọ́ gbogbo ayé pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ pulọ́ọ̀gì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kò yọ ọ́. Ó fi ọwọ́ òsì fa bébà náà. Bébà jáde, abẹ sì yí. Ọmọ ìka rẹ̀ kékeré lọ, àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Gumercindo ti gba ẹ̀rọ, tí Leocadia sì ń ká aṣọ. Doña Zenobia ra ìbọ̀wọ́ onírin, èyí tí wọ́n fi òrùka wínníwínní hun bí àwọ̀n, kí ẹni tó ń gé aṣọ máa fi wọ ọwọ́ òsì. Láti ìgbà náà pẹ̀lú ni Gumercindo kì í ti í wo ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀. Bó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ni yóò máa wò. Bó bá fẹ́ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, òrùlé ni yóò máa wò bí ẹni pé òjò fẹ́ jò. Inú bí mi títí, mo sọ ọ́ fún Leocadia.

"Comadre, ọkọ rẹ ń ṣe bí ẹni pé ọwọ́ yẹn ń já a jẹ."

"Fi í sílẹ̀," ló dá mi lóhùn. "Ọwọ́ mi ti jiná. Tiẹ̀ ni kò tíì jiná."

Nígbà òtútù tó kọjá, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe Gumercindo, torí ọwọ́ mi ni gbogbo ohun tó bá gé ń bọ̀. Apá ẹ̀wù ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Mo tún un ṣe, mo dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ṣòkòtò mẹ́wàá ni etí wọn rí wọ́gọwọ̀gọ. Mo gbé e lọ bá a.

"Don Gumercindo, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ń bá Pachamama mu ìpín tiẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó gba àwọn ṣòkòtò náà lọ́wọ́ mi, ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú tì mí, ó dùn mí débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Leocadia ti mọ̀ kí n tó mọ̀. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun ti ń nu api, ohun mímu àgbàdo gbígbóná, tó ń dà sórí tábìlì láàárọ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń ṣe bí ẹni pé ife ló jò.

Ó di Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ̀rọ ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Abẹ fo kúrò lójú ìlà, ó ha àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ onírin náà, ẹta iná ń fò. Gumercindo pa ẹ̀rọ, ó yọ pulọ́ọ̀gì, ó dúró títí abẹ fi dúró, lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí ìdì aṣọ, ojú rẹ̀ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ doña Zenobia ti rí i.

"Don Gumercindo, ẹ má bínú sí mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún ta sílẹ̀ nínú ilé yìí. Tó bá di Mọ́ńdè, màá wá ẹlòmíì."

Leocadia ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

"Ẹlòmíì wo lẹ fẹ́ wá? Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́ jókòó síbí, mò ń ká ṣòkòtò! Èmi ni kẹ́ ẹ gbé e fún."

"Rárá," Gumercindo ní, láìgbé orí sókè.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ rárá?"

"Mo ní rárá, Leocadia. Jẹ́ kí ẹlòmíì wá. Ṣé o gbọ́?"

"Mi ò gbọ́. Mú ìbọ̀wọ́ yẹn wá."

Ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Inú gbogbo wa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka mẹ́ta kún dáadáa, méjì tó kù ń mì dirodiro ní òfìfo. Gumercindo ò wo ọwọ́ náà síbẹ̀, ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Abẹ á gbá àwọn òfìfo yẹn mú, á sì fa ìyókù wọlé. Ìwọ náà mọ̀."

Leocadia mọ̀. Òun ló kọ́ ọ. Èmi, tí ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi òwú so méjèèjì mọ́lẹ̀, ká lè ríbi ṣiṣẹ́."

"A kì í so nǹkan kan sítòsí abẹ!"

Ogún ọdún tí mo ti mọ Gumercindo, n kò gbọ́ ariwo lẹ́nu rẹ̀ rí. Leocadia bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó padà sídìí aṣọ tó ń ká. Lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù wọn dá lọ sílé ni. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀: ilé iṣẹ́ wo ló máa gba ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àti obìnrin tí ìka rẹ̀ kò pé? Bí àjèjì bá sì gba ẹ̀rọ yẹn ní Mọ́ńdè, Leocadia ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú búrẹ́dì lọ sílé wọn, kí n lè ráyè tọrọ gáfárà torí ọ̀rọ̀ òwú tí mo sọ. Leocadia ń bó ọ̀dùnkún. Gumercindo jáde láti inú yàrá, ó mú páálí tí a fi ń ya pátáànì dání, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ó tẹ́ páálí náà sórí tábìlì.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Leocadia nu ọwọ́ ọ̀tún sára aṣọ, ó nà án sí i.

"Kì í ṣe èyí."

Ó yẹ kí n dìde kí n máa lọ ilé mi. N kò dìde. Leocadia gbé ọwọ́ òsì lé páálí náà, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Gumercindo tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsù yí i ká láti ìdí àtàǹpàkò. Ó ń gbọ̀n, ìlà náà ń wọ́. Nígbà tó dé ibi tí ìka kẹta parí sí, ó dúró. Ó wo ibẹ̀. Ó wò ó pẹ́ gan-an, lẹ́yìn náà ló wá fi pẹ́ńsù yí i ká jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó ń sùn.

"O ò yà á dáadáa," Leocadia ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wò ó kẹ́yìn."

"Mo kúkú ń gbé e wá sórí tábìlì yìí lójoojúmọ́, Gumercindo."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo so bébà yẹn. Mo fẹ́ kó lẹ́wà ni."

"Ó lẹ́wà," ni Leocadia wí. "Òun ló lẹ́wà jù lọ́dún yẹn."

Gumercindo ti mú ìbọ̀wọ́ onírin náà wá sílé láti ilé iṣẹ́, odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Gumercindo ń fi ẹ̀mú kékeré la àwọn òrùka irin níkọ̀ọ̀kan, ó ń bọ́ ìka òfìfo méjèèjì kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ lè là á, kò lè pa á dé, Leocadia ló ń pa á dé. Èmi ń rá kiri lórí ilẹ̀, mò ń ṣa èyí tó bá jábọ́, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti ń dàgbà. Nígbà tó parí, Gumercindo fi orí abẹ́rẹ́ wọ́ gbogbo ojú rẹ̀ lọ wọ́ ọ bọ̀, bóyá ó máa kọ́ nǹkan kan. Kò kọ́ nǹkan kan.

Ní Mọ́ńdè, Leocadia bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ká irun dídì rẹ̀ méjèèjì sínú ẹ̀wù, ó wọ ìbọ̀wọ́ oníka mẹ́ta. Ó yẹ ẹ̀rọ wò fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó tan iná sí i, ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀.

"Ta ló rọ òróró tó báyìí sí i? Ṣé o fẹ́ dín ẹ̀rọ jẹ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo kán an!"

"Ó dáa, ó dáa. Má sunkún."

Doña Zenobia dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Leocadia gé ìdì kìíní. Wọ́n kó o wá bá mi, mo fi apá ọ̀tún lé apá òsì. Wọ́n bá ara wọn mu rẹ́gí. Mo gbé wọn sókè fún doña Zenobia láti rí. Ó wò wọ́n, ó sì lọ pe ọkùnrin tó fẹ́ mú wá lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Gumercindo ò mọ ohun tó máa ṣe. Ó gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Lẹ́yìn náà ló mú páálí tó ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sí jáde nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i bí a ṣe máa ń kọ ọ́ sára gbogbo pátáànì kó má bàa sọnù: orúkọ, ẹ̀yà, ìwọ̀n. Ó kọ "Leocadia". Ó kọ "ọwọ́ òsì". Nígbà tó kan ìwọ̀n, ó ronú díẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń gbọ̀n, ó kọ "ó pé". Ó fi páálí náà kọ́ sára ìṣó, láàárín pátáànì apá ẹ̀wù àti ti ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Leocadia kà á láti ibi tó dúró sí. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ pulọ́ọ̀gì, ó dúró títí abẹ fi dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.