Ìbòjú Ẹ̀pà Inú Pálọ̀ Lugbe

"Igi lásán ni." Ohun tí àbúrò bàbá mi máa ń sọ nìyẹn fún gbogbo àlejò tó bá bá ìbòjú eégún Ẹ̀pà ńlá nínú pálọ̀ wọn ní Lugbe. Alàgbà ìjọ ni wọ́n, ọ̀làjú sì ni wọ́n pẹ̀lú. Igi lásán ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Bí pásítọ̀ bá sì ń bọ̀, wọ́n á sáré fi aṣọ bò ó. Bóyá òtútù ló ń mú igi náà.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin dé láti Èkìtì. Bí màmá náà ṣe rí ìbòjú yìí, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo gbé baba wa wá síbí? Ẹ̀pà ò jáde mọ́ ní agboolé wa. Àwọn ìyàwó ilé ò rí ẹni súre ọmọ fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, igi lásán ni."

"Ó dáa. Mú àáké wá, ká là á, ká fi dáná ọbẹ̀."

Ọ̀làjú wa sáré gbá ìbòjú náà mọ́ra.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbé ìbòjú náà lọ wọ ọkọ̀ Èkìtì ní gáréèjì Jabi, kí màmá lè mú un padà sílé. Àbúrò bàbá mi sanwó ìjókòó iwájú fún un. Màmá jókòó sẹ́yìn. Lójú gbogbo èrò, alàgbà ìjọ bọ́ fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Wọ́n wá dìde, wọ́n sọ fún awakọ̀ pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sáré. Bàbá mi lẹ gbé síwájú yẹn."