Alùpùpù Bàbá Mi Níbi Ìgbéyàwó Mi

Ọjọ́ tí mo ṣe ìgbéyàwó ní Bàsílà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé. Bàbá mi, tó ń tún alùpùpù ṣe ní Mànígìrì, ti ṣèlérí pé alùpùpù àtijọ́ òun ni òun yóò fi gbé mi lọ. Ó ti dípẹtà nígbà tó rà á. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún un ṣe títí ó fi ń dán bíi dígí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ kóòtù funfun àti ìbọ̀wọ́ aláwọ. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún wa lójú ọ̀nà.

Bí a ṣe dé, ọkọ mi sáré wá. Mo rò pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àna rẹ̀ ni.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé. Àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ láti Kùtọnu."

Bàbá mi rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi."

Nígbà tí a fẹ́ ya fọ́tò, a wá a títí, a ò rí i. Ó ti padà sí Mànígìrì láìjẹ, láìmu. Mo bú sẹ́kún nínú aṣọ ìyàwó.

Ọkọ mi ti lọ bẹ̀ ẹ́, bàbá mi sì ti dárí jì í. Èmi kò tíì dárí jì í.