Èlùbọ́ Tí Ọkọ Mi Ń Bá Mi Lọ̀

Ọmọ Èkìtì ni mí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi bú sẹ́kún níwájú dókítà ní Òkókómáìkò lọ́jọ́ tó ní kí n gbàgbé iyán. Kì í ṣe àìsàn ló kọ́kọ́ dùn mí, iyán ni. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí. Dókítà ní kí n jáwọ́ nínú iyán, gàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì, kí n gbájú mọ́ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú níwọ̀nba. Ó ní bí ṣúgà ara mi kò bá lọ sílẹ̀, ojú mi tó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ yẹn lè fọ́. Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé girama kan lọ́nà Ọ̀jọ́. Kí ni tíṣà tí kò ríwèé kà yóò máa ṣe níwájú ọmọ?

Ìlú Ìbà là ń gbé, nítorí pé ọkọ mi ń kọ́ni ní yunifásítì tó wà nítòsí. Bí a ṣe délé, mo jókòó ti tábìlì láti ṣètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń ṣe táìmùtébù fún ilé-ìwé, síbẹ̀ tèmi yìí ló le jù. Ọjọ́ Ajé rọrùn: ẹ̀wà, epo díẹ̀, láìsí gàrí lórí. Mo fi mọ́ínmọ́ín sí Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe yí i tó, ọjọ́ Àìkú ń dúró dè mí. Láti kékeré mi, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, iyán ti yá nìyẹn. Ọkọ mi, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, dúró lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Mọ́mì, o ti bọ́ sọ́wọ́ oògùn.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe gba ọjọ́ Àìkú nìyẹn, tó sì gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ mọ́ ọn.

Èmi ni mò ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, tí mò ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, tí mò ń sá a sórí páànù lẹ́yìnkùlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà ni mò ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ara mi ń fúyẹ́, mo ní kí télọ̀ bá mi dín síkẹ́ẹ̀tì mi kù. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, àrùn kògbóògùn tí rédíò ń pariwo rẹ̀ ni ọkàn àwọn èèyàn máa ń lọ sí bí wọ́n bá rí ẹni tó ń rù. Mo gbọ́ òfófó bíi mélòó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pòṣé, mo kọjá. Àsìkò yẹn ni ọkọ mi ní kí n fi ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ fún òun.

Odidi olùkọ́ yunifásítì! Láàárọ̀ Sátidé, yóò gbé àpò sẹ́yìn mọ́tò, yóò lọ dúró láàárín àwọn obìnrin tó ń lọ ata, yóò sì gbé èlùbọ́ bọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí irùngbọ̀n. Mo fi yangàn. Mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi títí ọ̀kan nínú wọn, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà ojú omi ní Navy Town, fi sọ pé ti òun ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé. Inú mi dùn pé ó ń jowú mi. Òkèlè mi tilẹ̀ dán, ó ń fà dáadáa, mo sì rò pé ọwọ́ mi ló ti wá mọ ọkà rò.

Ẹ̀yìn náà ni ṣúgà tún gòkè. Síkẹ́ẹ̀tì tún há mọ́ mi. Mo ní láti gbé ìwé ọmọ sún mọ́ imú kí n tó lè máàkì rẹ̀. Dókítà wo èsì àyẹ̀wò, ó wò mí.

“Mádàámù, ẹ̀ ń jẹ iyán ní kọ̀rọ̀. Ṣúgà kì í purọ́.”

Mo búra. Mo bá ọkùnrin náà jà débi pé nọ́ọ̀sì yọjú. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kọjú sí i, mo ní, “Dádì, ẹ sọ ohun tí mò ń jẹ fún wọn!”

Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ mọ bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe sí oúnjẹ.”

Mo rò pé ariwo mi ló tì í lójú, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mọ́tò.

Mo padà sídìí ètò ọ̀sẹ̀ mi. Mo yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ti ọjọ́ Ẹtì, adùn kan ṣoṣo tó kù fún mi. Mo dín ọkà kù títí ó fi kéré sí ti ọmọdé. Ebi ń pa mí ní kíláàsì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lójú pátákó. Ọkọ mi ń wò mí. Ó tilẹ̀ ń rọ̀ mí pé kí n bù sí i.

Ọjọ́ Sátidé kan, ó lọ ṣọ́ ìdánwò, èlùbọ́ sì ti tán nílé. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ mi lọ sẹ́nu ẹ̀rọ fúnra mi. Ìyá àgbà tó ni ẹ̀rọ yẹ inú àpò mi wò.

“Ìyàwó, gbodo tí ọkọ ẹ máa ń rà lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní pò ó mọ́ ọn lónìí ni?”

Mo ní gbodo wo? Ó nawọ́ sí iṣu gbígbẹ tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Èyí náà ni. Ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdajì gbodo. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan kì í lọ lọ́fun ẹ.”

Mo mú ọ̀kan, mo gbé e sún mọ́ imú. Èlùbọ́ iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí omi gbígbóná bá ti kàn wọ́n, dúdú ni àwọn méjèèjì ń dú. Kí ni ojú mi tó ti ṣú ì bá rí níbẹ̀?

Ọkọ mi ò tíì jókòó nígbà tí mo bi í. Kò jiyàn.

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀,” ó ní. “Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní dìpátímẹ́ǹtì. Wọ́n ní o ti kó éèdì, pé èmi ni mo gbé e wálé. Egungun ọrùn ẹ ti yọ, Mọ́mì.”

“Ẹ ò lè sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ni?”

“Wọn ò ní gbà gbọ́.”

“Ojú mi ńkọ́, Dádì?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹnu lásán ni mo ti ń fi pa òwe yẹn tẹ́lẹ̀. Gbodo gan-an kọ́ ló dùn mí jù, ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú dókítà ni. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ, ó sì jẹ́ kí wọ́n pè mí lópùrọ́. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí n sanra kí n sì fọ́jú, ju kí n rù kí aráyé máa fojú burúkú wo òun lọ. Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń lọ̀, èmi ni mò ń rò, èmi ni mò ń bù. Ṣúgà lọ sílẹ̀. Ojú mi kò padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kò fọ́. Mo tún rù, wọ́n tún sọ̀rọ̀, mo sì fún wọn lésì fúnra mi. Ọkọ mi bẹ̀ mí, ó dọ̀bálẹ̀, mo ní mo ti dárí jì í. Mo rò pé òótọ́ ni.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọkọ mi wọ kíṣìnì, ó se ẹ̀wà. Kò bù ú sínú abọ́. Odidi ìkòkò ló gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí i níwájú mi, ó di ṣíbí mú, ó ń dúró. N kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fẹ́ sọ fún un pé kó lọ bù ú wá bí èèyàn ṣe ń bu oúnjẹ fún aláìsàn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ tú u débi ìsàlẹ̀.”

Ó tú u. Mo dìde jókòó, mo wo ìsàlẹ̀ ìkòkò dáadáa, kí n tó jẹun.