Òòlù Ìbàdí Bàbá Máàpù

Inú ń bí Atawẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbínú náà ló gbé e dé ibi tó dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó kúrú, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí ata náà ṣe kéré tó, ẹni tó bá rún un lẹ́nu ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Jiọ́lọ́jì ló ń kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ó sì ti wà ní ọdún ìkẹyìn. Ìwé iṣẹ́ pápá rẹ̀ nìkan ló kù tí yóò fi gba oyè.

Ìwé náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: IRỌ́ NI. KÍ Ó TÚN ỌDÚN KÀ.

Ẹni tó kọ ọ́ ni olùkọ́ àgbà ẹ̀ka wọn, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Bàbá Máàpù. Òun ló ya máàpù òkè ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Wọ́n fi dígí bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri. Bàbá ní bẹ́líìtì aláwọ kan tí kì í tú, òòlù irin rẹ̀ a sì máa fì lára rẹ̀ ní ìbàdí, ìbáà jẹ́ lórí òkè, ìbáà jẹ́ ní ọ́fíìsì. Àfàìmọ̀ kó má máa sán an sùn.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro ṣàlàyé. Ìlà wà lára àpáta, bí ìlà ara pákó. Akẹ́kọ̀ọ́ á gun òkè, á gbé kọ́mpáàsì síwájú ìdodo, á wo ibi tí ìlà náà kọjú sí, á kọ iye dìgírì rẹ̀ sílẹ̀, á bọ́ sórí àpáta mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú kíláàsì jókòó sábẹ́ igi, wọ́n da iye inú máàpù Bàbá kọ, wọ́n sì fi ọjọ́ tó kù sùn. Atawẹ́wẹ́ gun òkè títí bàtà rẹ̀ fi lanu. Iye tó rí kò bá ti Bàbá mu. Níbòmíràn ó fi dìgírì mẹ́wàá yàtọ̀, níbòmíràn ó fi ogún. Ohun tó rí ló kọ. Àwọn tó sùn gba máàkì gidi, ẹni tó ṣiṣẹ́ wá di òpùrọ́. Ẹ wá sọ fún mi bí inú ò ṣe ní í bíni.

Ó lọ bá Bàbá ní ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo dé gbogbo ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó."

Bàbá ò gbójú sókè. "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ya òkè yẹn. Lọ tún ọdún kà."

Àkísà ọ̀hún náà ni wọ́n fi dígí bò lára ògiri yẹn. Atawẹ́wẹ́ kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tó tì lẹ́yìn.

Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Òkúta. Bọ̀dá yìí ló ń fi ẹ̀rọ gé òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ẹ̀ka náà, eruku funfun kì í sì í tán lápá rẹ̀. Wọ́n ní òun náà ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí, pé kò parí. Ó gba ìwé náà, ó wo ojú ewé kìíní títí, ó pa á dé.

"Àbúrò, da ti máàpù kọ. Gba oyè rẹ, kí o máa lọ sílé."

"Bọ̀dá, irú yín ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ wa jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó hàn lójú rẹ̀. Ó tú bẹ́líìtì iṣẹ́ rẹ̀ tòun ti òòlù tó wà lára rẹ̀, ó nà án sí i. "Bí o bá fẹ́ tún un wọ̀n, sán èyí. Àpò tí o fi ń gbé òòlù kiri ti ya."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ni àpáta tí iṣẹ́ pápá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ wà. Àpáta Kìíní ni wọ́n ń pè é. Atawẹ́wẹ́ sán bẹ́líìtì, ó dúró lórí rẹ̀, ó gbé kọ́mpáàsì sójú ìlà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé tirẹ̀. Kọ́mpáàsì ní ogójì, bó ṣe wà nínú máàpù Bàbá gẹ́lẹ́. Ó tún un wò, ogójì náà ni. Àbí òun ni òpùrọ́ lóòótọ́? Ó fìdí lélẹ̀, ọwọ́ òòlù gún un níhà, ó fi ìbínú tú bẹ́líìtì náà, ó jù ú sínú koríko lọ́hùn-ún. Nígbà tó dìde, tó tún gbé kọ́mpáàsì sójú ìlà, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ rọra yí, ó lọ dúró sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Irin máa ń fa abẹ́rẹ́ kọ́mpáàsì. Ọmọ ọdún kìíní mọ̀ ọ́n, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn. Tòun ti òòlù níbàdí ló fi ya gbogbo òkè; ní ti Atawẹ́wẹ́, inú àpò tó ń gbé sílẹ̀ kó tó wọ̀n ni òòlù tirẹ̀ máa ń wà. Ẹ má rò pé inú Atawẹ́wẹ́ dùn; ìbínú àtẹ̀yìnwá, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Bàbá ti fi ọdún méjì lé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, alábẹ̀wò kan wá láti yunifásítì mìíràn láti yẹ iṣẹ́ wọn wò. Obìnrin ni. Atawẹ́wẹ́ kò dúró kí wọ́n pe òun.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n wọn Àpáta Kìíní lójú yín. Bí mo bá parọ́, ẹ lé mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ṣáájú wọn lọ, òòlù ń fì. Ó gbé kọ́mpáàsì síwájú ìdodo. "Ogójì," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tú bẹ́líìtì yín, kí ẹ tún un wọ̀n."

"Èmi ni ò ń sọ fún pé kí n tú bẹ́líìtì?"

"Ẹ tú u, sà," ni alábẹ̀wò wí. Ojú rẹ̀ ti wà lára òòlù náà.

Bàbá tú u sínú koríko, ó tún wọ̀n ọ́n. Obìnrin náà ló na ọrùn wò ó, tó kà á síta: "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká fún un ní máàkì rẹ̀, kọ́rọ̀ tán."

Kọ́rọ̀ tán, ló wí. Kò bẹ̀ ẹ́, kò ní òun ṣì í ṣe. Oyè ti bọ́ sọ́wọ́ Atawẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i. Kó tó lanu, ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Bọ̀dá Òkúta jáde sí wọn, eruku bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, ìwé pápá kan tó ti gbó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kìíní fún Bàbá. Atawẹ́wẹ́ yọjú wò ó: Àpáta Kìíní, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́. Yíǹkì pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkọ̀wé kan náà: IRỌ́ NI.

"Mo tún ọdún kà, sà," ni Bọ̀dá Òkúta wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Mo tún kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ sì lé mi. Ti ọmọ yìí ti yanjú. Èmi ńkọ́?"

Bàbá di ìwé náà mú, ó ń wò ó. Atawẹ́wẹ́ kọjá lára òòlù tó wà nínú koríko, ó lọ dúró ti Bọ̀dá Òkúta. "Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, bọ̀dá," ló rọra wí, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ẹnu Bàbá.