Èdè Kan Ṣoṣo Tó Kù fún Màmá Ìnẹ́sì

Ọjọ́ tí Màmá Ìnẹ́sì ṣubú lọ́wọ́ mi, mo rò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ti parí nìyẹn.

Sístà ìjọ Àgùdà ni, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, tó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ nílé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí ogbó dé, tí àìsàn ìgbàgbé bá a, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pòórá lórí rẹ̀. Ó ku Sípáníìṣì nìkan. Èmi ọmọ Èmùré tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú rẹ̀, n kò gbọ́ ju "gracias", ẹ ṣé, lọ nígbà tí mo débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń mú un rìn lọ sí fàráńdà. Ó pariwo pé, "¡Sujétame!" Mo ti gbọ́ "suéltame" lẹ́nu rẹ̀ rí nígbà tí mo fẹ́ wẹ̀ fún un, mo sì ti mọ̀ pé kí n fi í sílẹ̀ ló ń wí. Mo rò pé òun náà ló tún ń wí, mo bá yọwọ́. Ó fi orúnkún lélẹ̀ gbì.

Eegun kò ṣẹ́. Mẹ́tírọ́ọ̀nù ní, "Tó bá tún ṣẹlẹ̀, máa lọ sílé yín." Mo pe Sístà Bùkọ́lá, ọmọ Ìsẹ̀ tó kàwé ní Sípéènì, lórí fóònù.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ."

"Má sunkún mọ́. Ṣé àwa ń sọ pé 'dì mí mú'? Tiwọn, wọ́n á lẹ 'mi' mọ́ ìdí ọ̀rọ̀, á di ẹyọ kan. 'Me' ni 'mi'. 'Lo' ni nǹkan tí à ń sọ. 'Dámelo', gbé e fún mi. 'Sujétame', dì mí mú. 'Suéltame', fi mí sílẹ̀."

"Wọ́n mà jọra o!"

"Bíi 'h' ni wọ́n ń pe 'j'. Èyí tó bá ní 'hé' láàárín, dì í mú."

Mo ń kọ́ ọ bí mo ṣe ń fọṣọ, bí mo ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan mo nawọ́ sí abọ́ ògì rẹ̀, mo ní, "Dámelo." Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé e fún mi. Láti ìgbà náà, tó bá ti ní "Sujétame", màá dì í mú, à ń dé fàráńdà láyọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, mo gbé báàgì mi pé kí n máa lọ. Ó ní, "Quédate." N kò gbọ́ ìyẹn rí. Ó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi sùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kú.

Níbi ìsìnkú, mo bi Sístà Bùkọ́lá léèrè ohun tó túmọ̀ sí.

"'Dúró, má lọ' ni. Ká ní àlejò ló kà ọ́ sí, 'quédese' ni ìbá wí. Ẹni tó jẹ́ tẹni là ń sọ 'quédate' fún."

Mo ti tọ́jú ọ̀pọ̀ arúgbó lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti gba ìwé-ẹ̀rí méjì. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ọ̀rọ̀ kan yẹn.